Ọ̀bẹ Ti Ṣe Tirẹ̀, Ó Ku Ti Ẹsẹ̀

Oríṣìíríṣìí iṣẹ́ ni ó wà láyé tí ó jẹ́ pé ìdúró ni olórí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe wọ́n. Olùkọ́ a máa dúró níwájú pátákó láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Onígbàjámọ̀ a máa dúró ti orí oníbàárà rẹ̀. Ọlọ́pàá tí ń darí ọkọ̀ a máa dúró ní oríta nínú oòrùn. Nọ́ọ̀sì a máa dúró ti ibùsùn aláìsàn. Alágbàfọ̀ a sì máa dúró ti tábìlì tí ó fi ń lọ aṣọ. Bí a bá bi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí iṣẹ́ wọn ń gbà lára wọn, ọ̀kan yóò mẹ́nu ba ohùn, èkejì yóò mẹ́nu ba ẹ̀yìn, ẹ̀kẹta yóò mẹ́nu ba ojú. Ṣùgbọ́n ṣàṣà ènìyàn ni yóò rántí ẹsẹ̀, àfi bí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ké.

Igbe ẹsẹ̀ kì í sì í tètè dún sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn máa ń wúwo lálẹ́ bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn ni. Nígbà tí ó bá yá, ọrùn ẹsẹ̀ a máa wú, bàtà tí ó gba ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ kò sì ní í gbà á mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn iṣan kan yóò yọ síta lábẹ́ awọ, tí wọn yóò wú, tí wọn yóò sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí gbòǹgbò igi tí òjò ti wọ́ erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní iṣan wíwú. Bí a kò bá tọ́jú wọn, awọ tí ó wà nítòsí ọrùn ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kí ó máa yúnni, kí ó sì le. Bí ẹsẹ̀ àga lásán bá sì wá ha á lára, ojú ibẹ̀ lè di egbò adáìjinná. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan rẹ̀ wú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá dé ibẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ẹsẹ̀ nìkan ni.

Kí ni ó ń fà á? Kí ìdáhùn ìbéèrè yìí tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ ìrìn-àjò tí ẹ̀jẹ̀ ń rìn. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara. Iṣan àlọ ni ó ń gbé e láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara, iṣan àbọ̀ ni ó sì ń dá a padà sí ọkàn. Àlọ kò ṣòro, nítorí pé ọkàn ni ó ń fi agbára tì í. Àbọ̀ ni ó ṣòro, pàápàá fún ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òkè ni ó ní láti gùn, bí obìnrin tí ó pọn omi ní odò ìsàlẹ̀ tí ó sì ń gbé e bọ̀ wá sí ilé tí ó wà lórí òkè. Nítorí èyí ni Ẹlẹ́dàá ṣe fi àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké sínú iṣan àbọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gòkè, wọn a ṣí fún un. Bí ó bá fẹ́ padà sísàlẹ̀, wọn a tì mọ́ ọn.

Fabricius, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì, ṣe ìwé jáde lórí àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí ní 1603. Ó rí wọn kedere, ó sì ya àwòrán wọn, ṣùgbọ́n ó rò pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dín eré ẹ̀jẹ̀ kù lọ, kí ó má baà pọ̀ jù ní ẹsẹ̀. William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Padua, ni ó wá fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1628 pé yíyí ni ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara, àti pé ọ̀nà ọkàn nìkan ni àwọn ìlẹ̀kùn náà ń ṣí sí. Ohun tí olùkọ́ rí tí kò yé e tán, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wá túmọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kò lè gbé omi gòkè. Ẹnìkan ní láti wà tí yóò tì í. Ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹ̀jẹ̀. Nígbàkígbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ láti rìn, ẹran náà a sún kì, a sì fún iṣan tí ó wà láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí a ń fún aṣọ tútù. Ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ibòmíràn gbà ju òkè lọ. Bí ẹran náà bá tún dẹ̀, iṣan a gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn láti ìsàlẹ̀. Abájọ tí àwọn oníṣègùn fi ń pè é ní ọkàn kejì. Bí ènìyàn bá dúró gangan láìmira, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ iṣan ní ọrùn ẹsẹ̀ a máa tó nǹkan bí 90 ní ìwọ̀n kan náà tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá ń rìn, tí ìlẹ̀kùn inú iṣan rẹ̀ sì dára, a máa wálẹ̀ sí nǹkan bí 30, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kùn kan bá ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí a tì sókè a tún ṣàn padà, ẹrù rẹ̀ a wọ iṣan ìsàlẹ̀ lọ́rùn, iṣan a fẹ̀, ìlẹ̀kùn tí ó tẹ̀lé e kò sì ní lè pàdé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìbàjẹ́ yóò máa tàn. Àwọn mìíràn jogún ìlẹ̀kùn tí kò lágbára láti ìdílé wọn. Oyún níní, ọjọ́ orí, ara sísan jù àti ìdúró pípẹ́ a sì máa dá kún un.

Olùkọ́ àgbà kan wà ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Èkìtì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti lo ọdún 26 nídìí iṣẹ́ olùkọ́, kò sì mọ bí a ti ń jókòó kọ́ ọmọ. Ó ti tó ọdún 7 tí iṣan ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ṣòkòtò gígùn ni ó fi ń bò ó. Kì í ṣe ìtìjú ni ó mú un bò ó, ẹ̀rù ni. Bàbá rẹ̀ ti ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àgbẹ̀ ni bàbá náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, iṣan rẹ̀ yọ, awọ rẹ̀ dúdú, nígbà tí ó ṣe, egbò yọ lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, egbò náà sì wà níbẹ̀ fún ọdún 11. Gbogbo ewé tí wọ́n já, gbogbo àgúnmu tí wọ́n gún, kò ràn án. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wọn, àwọn kan wá sọ fún un pé egbò ojú lásán kọ́, pé àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, ni ó fi nǹkan sílẹ̀ fún un tẹ̀ nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ oko kan. Bàbá gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà. Fún ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọn kò tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ tí dókítà ilé-ìwòsàn ńlá kan gbé ẹsẹ̀ olùkọ́ yìí yẹ̀ wò, tí ó fi ẹ̀rọ tọ ipa iṣan náà láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, tí ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn inú iṣan fún un, olùkọ́ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó béèrè: ‘Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, ǹjẹ́ kò lè jẹ́ ohun kan náà ni ó ṣe bàbá mi?’ Dókítà ní òun kò rí bàbá rẹ̀, nítorí náà òun kò lè búra. Ṣùgbọ́n irú egbò tí ó ń ròyìn yẹn kì í ṣe ohun àjèjì sí òun rárá, àti pé ènìyàn lè jogún ìlẹ̀kùn iṣan tí kò lágbára gẹ́gẹ́ bí ó ti lè jogún imú tàbí ohùn.

Iṣẹ́ abẹ fún iṣan wíwú kì í ṣe ohun tuntun. Trendelenburg, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti kọ̀wé ní nǹkan bí 1890 nípa bí òun ti ń so iṣan gígùn tí ó wà lábẹ́ awọ itan pa, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ya lu ìsàlẹ̀ mọ́. Ní 1907 Babcock ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé irin gígùn kan tí a ń tì bọ inú iṣan tí ó bàjẹ́ láti fi fà á yọ. Láti òpin ọ̀rúndún ogún ni àwọn dókítà ti tún ń lo ooru láti dí iṣan pa láìfà á jáde. Ní 2013 ni àjọ tí ń fi ìlànà ìwòsàn lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọ̀nà ooru yìí ṣáájú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ni wọ́n lò fún olùkọ́ yìí, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé a fa iṣan kan yọ lè máa bẹ̀rù pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti dínkù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹran ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀nà ńlá ẹ̀jẹ̀ wà. Èyí tí ó wú lábẹ́ awọ kò ju ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ, ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ tí ó sì ń dá èrò padà. Bí a bá dí i, ọ̀nà ńlá ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ yóò máa gbà. Ṣùgbọ́n olórí ohun tí ń ti ẹ̀jẹ̀ gòkè ní ọ̀nà ńlá náà ni ẹran ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́. Níhìn-ín ni iṣẹ́ dókítà parí sí, tí iṣẹ́ aláìsàn fi bẹ̀rẹ̀.

Ilé ni ìṣòro sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún bá ti ilé-ìwòsàn dé, ìfẹ́ a máa mú kí gbogbo ará ilé sọ ọ́ di ẹyin. Wọ́n tẹ́ ibùsùn fún olùkọ́, wọ́n to ìrọ̀rí yí i ká, wọ́n ti iyán àti ọbẹ̀ ẹja sí i níwájú, àwọn àlejò sì ń wọlé wọ́n ń jáde, olúkúlùkù ń sọ pé kí ó má ṣe ṣe wàhálà. Nígbà tí ó gbìyànjú láti dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyàwó rẹ̀ sáré dì í mú.

‘Olówó orí mi, níbo ni ẹ ń lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà jókòó. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ọmọ yóò gbé e wá.’

‘Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn.’

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ti ilé ọkọ rẹ̀ wá láti bá wọn ṣe ìtọ́jú, dá sí i: ‘Nọ́ọ̀sì kọ́ ni yóò gbé ọ bí o bá ṣubú. Wọ́n la ẹsẹ̀ ènìyàn, wọ́n fa iṣan jáde níbẹ̀, wọ́n tún ní kí ó máa rìn! Dùbúlẹ̀, ọmọ ìyá mi. Ìsinmi ni oògùn.’

Kò sí ẹni tí ó lè dá obìnrin náà lẹ́bi. Àwọn oníṣègùn òyìnbó gan-an gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún láyé àtijọ́ a máa wà lórí ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní 1947 ni Richard Asher, dókítà kan ní London, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí ó ti ka ewu ìdùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹ̀dọ̀fóró dé orí iṣan ẹ̀jẹ̀, láti orí awọ dé orí egungun. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ̀jẹ̀ dà bí omi: èyí tí ń ṣàn a máa mọ́, èyí tí ó bá dágún a máa yí padà. Bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ńlá tí ó wà nínú lọ́hùn-ún. Bí ègé rẹ̀ bá sì já, ó lè bá ọ̀nà ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ènìyàn lójijì. Kì í ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ṣùgbọ́n ìrìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń lé e jìnnà.

Ìwé kan tí nọ́ọ̀sì kọ fún wọn ni ó parí àríyànjiyàn náà. Ìyàwó olùkọ́ mú un, ó sì kà á sókè. Kí ó máa dìde rìn nínú ilé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Kí ó má ṣe dúró lójú kan. Bí ó bá jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kí ó sì máa na àtẹ́lẹsẹ̀ síwájú, kí ó tún máa fà á sẹ́yìn. Kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí ó fún mọ́ ẹsẹ̀ fún iye ọjọ́ tí dókítà dá. Kí ó má gbé ẹrù wúwo, kí ó má sì sáré, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kí ó má wẹ̀ nínú odò títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná. Ìlà tí ó kẹ́yìn ni wọ́n fa igi sí nídìí: bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé wú tí ó sì ń ro ó lẹ́yìn ojúgun, tàbí bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ mọ́, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ó bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbé e wá sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru.

‘Ṣé ìdùbúlẹ̀ lásán ni ó lè fa gbogbo èyí?’ ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

‘Wọ́n ní ó wà lára ohun tí ń fà á, mà,’ ni ìyàwó dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ ohunkóhun mọ́. Ó lọ sí igun yàrá, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ tí bàbá wọn lò títí ó fi kú, ó sì nà án sí àbúrò rẹ̀. ‘Ó yá,’ ni ó wí, ‘dìde.’

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le. Láti ibùsùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìrìn ọjọ́ kìíní mọ. Inú itan rẹ̀ dúdú bí ibi tí a fi pàṣán nà, ó sì ń fà á bí okùn nígbà tí ó bá na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń yí àgbàlá po. Ó kọ́ ọ pé ìrìn kúkúrú ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ sàn ju ìrìn gígùn ẹ̀ẹ̀kan tí ó bá mú ẹsẹ̀ wú lọ. Lẹ́yìn tí ojú ọgbẹ́ ti jinná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di ògiri mú, a fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, a tún fi gìgísẹ̀ balẹ̀, títí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ yóò fi gbóná. Àwọn ọmọdé ilé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn náà tò sí ògiri, wọ́n sì ń bá a ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nọ́ọ̀sì ní kí ó sọ ìrìn rẹ̀ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ìṣẹ́jú 15 ní àlọ, ìṣẹ́jú 15 ní àbọ̀. Òkè pọ̀ ní ìlú náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó tẹ́jú tí ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó gba iwájú ilé àbúrò bàbá rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi kọjá níbẹ̀ láìwo ọ̀tún. Ní ọjọ́ kẹrin, ó yà.

Arúgbó náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n arúgbó na ọwọ́ sí i.

‘Má dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n la ẹsẹ̀ rẹ. Jókòó.’

‘Ẹ ṣeun, Bàbá. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jókòó pẹ́.’

‘Dúró nígbà náà kí n rí ojú rẹ.’

‘Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ pẹ̀lú, Bàbá.’

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. ‘Kí ni kí n wá fi ọ́ ṣe?’

‘Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn díẹ̀.’

Wọ́n jọ rìn yí àgbàlá náà po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn inú iṣan fún un gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ ọ́, kò sì fi èyí tí ó kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ pamọ́. Arúgbó náà gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó tẹ̀ ba, ó sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún. Iṣan wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀ náà, ó wú, ó sì lọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú.

‘Ta ni ó wá fi tèmi sílẹ̀ fún mi tẹ̀?’ ni ó béèrè.

Kò sí ìdáhùn fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni ó ṣí ọ̀nà ilé méjèèjì sí ara wọn. Ó yẹ kí àwọn ìdílé mìíràn tí ọ̀rọ̀ egbò adáìjinná ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn gbọ́ ọ. Ìmọ̀ nípa ara kì í wo ẹsẹ̀ nìkan sàn.

Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ìwọ̀n ohun tí ìdárayá lè ṣe. Kò lè tún ìlẹ̀kùn tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Ní 2004 Padberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ìdánwò tí wọ́n ṣe fún oṣù 6 pẹ̀lú àwọn tí iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Agbára ẹran tí ń ti ẹ̀jẹ̀ gòkè pọ̀ sí i lára àwọn tí ó ṣe ìdárayá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn padà kò tìtorí èyí dáwọ́ dúró. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìrìn rọ́pò dókítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí pé iṣan mìíràn tí wọn kò fọwọ́ kàn lè wú lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀bẹ a mú èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, ìrìn a sì ran èyí tí ó kù lọ́wọ́. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Àǹfààní ìrìn kò sì mọ sí iṣan àbọ̀ nìkan. Iṣan àlọ ń jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1953 Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Awakọ̀ a máa jókòó ní gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Agbowó-ọkọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ sókè, a sì tún máa sọ̀ kalẹ̀, láti gba owó lọ́wọ́ èrò. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn tí ń ti inú iṣan dídí wá mú àwọn awakọ̀ ju àwọn agbowó-ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀, òpópónà kan náà ni wọ́n sì jọ ń tọ̀. Ní 1980 Robert Furchgott ní Amẹ́ríkà fi hàn pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fún iṣan ní àṣẹ láti dẹ̀ kí ó sì fẹ̀. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé nítíríìkì ọ́sáìdì ni ìránṣẹ́ tí ó ń rán, Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sáré kọjá lára awọ yìí nígbà ìdárayá, a máa tú ìránṣẹ́ náà jáde sí i. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020, fi ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Bí a bá pín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọjọ́ márùn-ún, 150 ti pé. Kò gba owó, kò sì gba ẹ̀rọ.

Ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ni èrò pé ọlá kò bá ìrìn mu. Bí ènìyàn bá ti ra ọkọ̀, ó di ohun ìtìjú kí aládùúgbò rí i ní ẹsẹ̀. Bí ó bá ti di ọ̀gá, ọmọ ni yóò bá a mú gègé tí ó jábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí òun mira nítorí ọlá ń fi ọlá náà di ẹrù lé iṣan ara rẹ̀ ni.

Olùkọ́ náà ti padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Kò dúró gbọnin níwájú pátákó mọ́. Àárín tábìlì àwọn ọmọ ni ó ń rìn sí, bí ó bá sì ń gbọ́ ìwé kíkà wọn, gìgísẹ̀ rẹ̀ a máa gòkè, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ní ọjọ́ Sátidé, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ a máa jọ rìn ọ̀nà tí ó tẹ́jú náà. Arúgbó náà ti lọ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ han dókítà. Wọ́n fún un ní ìbọ̀sẹ̀ tí ó fún, wọ́n sì ní kí ó má fi ìrìn sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á, kí ó dìde kí ó rìn. Ẹni tí wọ́n bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tí yóò rìn, kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì fi ọwọ́ tí wọn ìbá fi tì í sórí ibùsùn mú un lọ́wọ́ jáde.